Létà àti Gọ́ọ̀mù

Mọ́wùnmí kò tíì bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún 1993. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ilé àwọn arúgbó kan ní Abbey Wood, ní London, tó ti máa ń ṣọ́ wọn láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ó ti gbé omi ẹ̀kọ ọkọ rẹ̀ kaná. Ó rò pé àwọn tí yóò tún lífìtì ṣe ló dé, nítorí ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí lífìtì ilé náà ti kú, àjà kẹta ni wọ́n sì ń gbé. Olúsọjí ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ẹ kú àìsùn."

"Àìsùn náà rèé, Sọjí. Wọlé. Rọra sọ̀rọ̀ o, Daddy ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tòògbé ni."

Olúsọjí ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun ní Plumstead High Street, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá àdúgbò náà. Ó jókòó sí etí àga, ó fi fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Mummy, ẹgbẹ́ wa máa pé ọdún mẹ́wàá lópin oṣù yìí. A fẹ́ ṣe nǹkan tí kò wọ́pọ̀. A fẹ́ ṣe debate."

"Lórí kí ni?"

"Lórí Daddy àti Uncle Ṣùpọ̀. Ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú àwọn méjèèjì? Gbénró máa gbèjà Létà, Kàmọ́rù máa gbèjà Gọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà a máa bọlá fún wọn."

Mọ́wùnmí wo ilẹ̀kùn yàrá tí Adégbọlá, ọkọ rẹ̀, wà. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí ẹnikẹ́ni ti pe Adégbọlá ní Létà kẹ́yìn létí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ orúkọ náà ti mì ìlú rí. Nígbà tí Adégbọlá ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín pápá fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kòkó ní Ìbàdàn, bí ọ̀nà bá jìn, bí èrò bá pọ̀ níwájú, tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí ló máa dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Létà. Nígbà kan náà, Ṣùpọ̀ ń gbá àárín pápá fún ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Èkó. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe òun, nítorí bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi kí ènìyàn mẹ́ta gbìyànjú kí wọ́n tó lè yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì máa ń pàdé, gbogbo ọmọ Ìbàdàn tó bá sì lè rìn ló máa ń lọ wò wọ́n. London ni Létà àti Gọ́ọ̀mù ti wá di ọ̀rẹ́. Adégbọlá ń wa bọ́ọ̀sì, Ṣùpọ̀ ń wa kábù. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa ń lọ dúró ní Woolwich Common, níwájú bárékè àwọn sójà, kí wọ́n máa wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì máa bú wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 1991, bí Adégbọlá ṣe ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣubú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni", "rárá" àti "lọ" ló kù tó lè pè kó já geere. Láti ọjọ́ náà ni Mọ́wùnmí ti ń tọ́jú arúgbó láti alẹ́ di àárọ̀, tó sì ń tọ́jú ọkọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Fẹ́rànmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní yunifásítì ní Leeds. Obìnrin káńsù kan ti wá lẹ́ẹ̀mẹta pé àwọn lè máa rán ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún Adégbọlá láàárọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni Adégbọlá mi orí: "Rárá." Mọ́wùnmí náà sì sọ pé kò sí wàhálà, òun lè ṣe é. Kí ni àwọn ará ìjọ yóò sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé àjèjì ló ń wẹ̀ fún ọkọ òun?

"Sọjí," ó wí níkẹyìn, "ìwọ náà mọ̀ pé Daddy ò lè sọ̀rọ̀."

"Wọn ò ní sọ̀rọ̀, Mummy. Kí wọ́n ṣáà jókòó. Àwa la máa sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n bi wọ́n."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ṣùpọ̀ wá gẹ irùngbọ̀n fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun ọfà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣì le. Òun nìkan ni Adégbọlá máa ń gbà fún kó gbé òun dìde láìbínú. Bí ó ṣe ń fi ọṣẹ pa á lágbọ̀n, Mọ́wùnmí sọ ọ̀rọ̀ Olúsọjí fún un.

"Èmi ò lọ," Ṣùpọ̀ wí. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi àgbàlagbà méjì ṣe? Ìran wíwò?"

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá Ṣùpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Adégbọlá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó di ọwọ́ Ṣùpọ̀ mú tòun ti abẹ.

"Lọ," ó wí.

"Kí n lọ? Lọ síbo?"

"Lọ! Lọ!" Ó ń nàka sí ara rẹ̀, ó ń nàka sí Ṣùpọ̀, ó wá nàka sí fèrèsé.

Ṣùpọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọkọ rẹ fẹ́ kí wọ́n yìn òun, Ìyá Fẹ́rànmí. Kò yí padà."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà láti lọ. Ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ṣùpọ̀ àti Gbénró gbé Adégbọlá tòun ti àga rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Wọ́n ti tún lífìtì ṣe lọ́jọ́ Ajé, ó tún ti kú lọ́jọ́ Jímọ̀. Mọ́wùnmí ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àpò tó kó aṣọ ìpààrọ̀ àti aṣọ ìnura sí. Alẹ́ méjì ló ti ṣiṣẹ́ tẹ̀léra wọn. Wákàtí mẹ́ta péré ló sùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ó ní láti lọ ẹ̀wù Adégbọlá, kó sì fá orí rẹ̀ kó dán.

Gbọ̀ngàn ìjọ kan lẹ́yìn Plumstead High Street ni wọ́n lò. Ibẹ̀ kún. Àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta gààrí àti iṣu ní òpópónà náà ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn wá. Wọ́n gbé àga Adégbọlá sí iwájú, wọ́n fi Ṣùpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wọn títí. Adégbọlá jókòó bí ọba. Ara Ṣùpọ̀ ò balẹ̀. Ńṣe ló ń wo bàtà rẹ̀.

Gbénró ló kọ́kọ́ dìde. Olùtọ́jú aláìsàn ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá mi gbé mi sí èjìká lọ wo Létà. Mo ń retí pé màá rí ẹni tó ń sáré. Daddy yìí kò sáré o! Wọ́n dúró gangan bí ẹni tó wà lórí ìlà ní báǹkì. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti mọ ibi tí gbogbo yín wà. Ìgbá kan péré! Bọ́ọ̀lù ti lọ. Wọn kì í gbá a síbi tó o wà, ibi tó ò tíì dé ni wọ́n ń gbá a sí, àfi bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ fún ọ pé, 'Sáré, nǹkan rẹ ń dúró dè ọ́.' Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá, tó bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Létà, ó ti di agbábọ́ọ̀lù nìyẹn. Ta ló tún lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n hó. Kàmọ́rù dìde, òun tó ń fọ ọ́fíìsì ní Woolwich, ó ti bọ́ kóòtù rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jà.

"Gbénró ti parí? Ó dáa. Ẹ jẹ́ n bi yín. Tí ẹgbẹ́ yín bá ti ń jìyà, tí ẹsẹ̀ ti wúwo lára gbogbo èèyàn, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù mọ́, ta lẹ máa gbé e fún? Gọ́ọ̀mù! Uncle máa tẹ̀ báyìí, wọ́n á na apá méjèèjì, wọ́n á yí sọ́tùn-ún, wọ́n á yí sósì. Ẹ gbá wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n dìde. Ẹ fà wọ́n láṣọ, wọ́n fi aṣọ sílẹ̀ fún yín, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lọ! Létà nílò ẹni tó máa gba létà. Gọ́ọ̀mù ò nílò ẹnikẹ́ni."

Ariwo sọ. Àwọn kan ń ké "Létà!" àwọn kan ń ké "Gọ́ọ̀mù!" Olúsọjí ní láti fi ọwọ́ lu tábìlì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ó yíjú sí Mọ́wùnmí tó jókòó sẹ́yìn àga ọkọ rẹ̀.

"Mummy ló kù. Ìtàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ o, Mummy fojú rí i. Wọ́n wo àwọn méjèèjì fún ọdún mẹ́sàn-án. Mummy, ẹ dájọ́ fún wa."

Gbogbo wọn ti mọ ohun tí yóò sọ. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín dè é. Mọ́wùnmí náà rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga náà mú, ó fẹ́ sọ pé ọkọ òun ni, kó tún jókòó. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú bàtà, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohun tó múra sílẹ̀.

"Gbogbo ohun tí Gbénró sọ, òótọ́ ni. Bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́sẹ̀ Bàbá Fẹ́rànmí. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi ara yín pé ta ló ń gbà á. Ẹni tó bá gbà á ni wọ́n máa ń gbá ṣubú. Èmi ni mò ń fọ aṣọ bọ́ọ̀lù wọn, kì í dọ̀tí. Mo máa ń wo Bọ̀dá Ṣùpọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrẹ̀ á ti mù wọ́n dé ọrùn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò dúró.

"Nígbà tí ìyá Bàbá Fẹ́rànmí dùbúlẹ̀ àìsàn, èmi ni wọ́n ní kí n lọ dúró tì wọ́n ní abúlé. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi. Nígbà tí a fẹ́ wá sílùú yìí, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ọdún méjì gbáko kí wọ́n tó tẹ̀ lé mi. Tó bá ti wúwo, wọ́n á wò yíká, wọ́n á rí mi. Ìgbá kan péré. Ó ti dọ́wọ́ mi nìyẹn. Ẹ ní kí n dájọ́. Èmi fi Gọ́ọ̀mù síwájú."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọmọdé kan ń ké níta, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ. Adégbọlá kò yíjú padà, kò tilẹ̀ lè yí i padà dáadáa tó bá fẹ́. Olúsọjí sáré sọ pé àwọn méjèèjì ló borí, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá. Àwọn obìnrin ń bá Mọ́wùnmí sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kò jẹun.

Kábù Ṣùpọ̀ ló gbé wọn padà sílé ní Thamesmead. Ṣùpọ̀ dúró sí abẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó pa ẹ́ńjìnnì, kò sì sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá Fẹ́rànmí, mi ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

"Mi ò sọ ọ́ nítorí ọpẹ́, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù fún ọ, èmi tí mo gbá a. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí mo bá gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, ọkàn mi kì í balẹ̀ pé yóò mọ ohun tó máa fi ṣe. Mo máa ń mú un mọ́ra títí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́dún 1975, ní Ìbàdàn, ẹni mẹ́ta tiwa ló dá dúró níwájú góòlù. Mi ò rí ẹnì kan. Ìgbà tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù náà ni wọ́n fi ayò kan ṣoṣo lù wá. Ẹgbẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Èkó." Ó nàka sẹ́yìn láìbojú wò. "Eléyìí ń rí gbogbo èèyàn. Kì í sá fún bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá dá a lójú ló máa ń gbé e fún."

"Ó dá a lójú pé mi ò ní ṣubú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ṣùpọ̀ dáhùn.

"Ṣé ó bi mí rí bóyá ó rẹ̀ mí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kọjá lórí kẹ̀kẹ́. Láti ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n gbọ́ bí Adégbọlá ṣe ń mí.

"Kò bi ọ́," Ṣùpọ̀ wí. "Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Mi ò rí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó eléyìí rí, mi ò sì rí i kó bi ẹnikẹ́ni rí."

Wọ́n ké sí aládùúgbò kan láti bá wọn gbé àga náà gòkè. Wọ́n sinmi ní gbogbo ìyànà àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé òkè, Ṣùpọ̀ gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sórí ibùsùn, ó fọwọ́ tọ́ ọ lórí, ó sì lọ láìmu omi.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mọ́wùnmí bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ̀wù ọkọ rẹ̀, ọwọ́ òsì kọ́kọ́, kó tó kan ọ̀tún. Kò wojú rẹ̀. Ó nu ọrùn rẹ̀, ó nu àyà rẹ̀, ó nu ọwọ́ tó kú náà ní ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, Bàbá Fẹ́rànmí. Kò yẹ kí n sọ ọ́ níta."

Adégbọlá la ẹnu. Ohùn kan jáde tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó tún gbìyànjú. Òógùn bọ́ sí iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ fẹ́ tọ̀ ni?"

"Rárá."

"Òǹgbẹ ń gbẹ yín?"

"Rárá!" Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó di í mú le bí ẹni tó fẹ́ rì sínú odò. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀. Ó pẹ́ gan-an. Omi inú bàsíà ti ń tutù.

"Ó... ó rẹ̀..." ó wí. Ó mí. "Ó rẹ̀ ọ́."

Kì í ṣe ìbéèrè. Mọ́wùnmí jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́wọ́. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá sọ ọ́ fún òun lọ́jọ́ kan, òun yóò sunkún. Ẹkún kò wá.

"Ó rẹ̀ mí," ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí."

Ó parí ìwẹ̀ náà, ó wọ aṣọ àwọ̀sùn fún un, ó sì múra iṣẹ́, nítorí ó ní iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pe obìnrin káńsù náà lórí fóònù. Adégbọlá gbọ́ ohun tó ń sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí láti orí àga rẹ̀: "Rárá. Rárá." Mọ́wùnmí fọwọ́ bo fóònù.

"Bàbá Fẹ́rànmí, mi ò bi yín."

Ó bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán. Ọkọ rẹ̀ bínú fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń yíjú kúrò lọ́dọ̀ ṣíbí. Òun náà bínú. Kò sì pe káńsù padà láti fagi lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Christiana, ẹni tí káńsù rán, dé. Obìnrin ọlọ́dún méjìdínlógójì kan láti Plumstead ni, ara rẹ̀ gbópọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó wọ bùbá aláwọ̀ búlúù lórí ṣòkòtò, ó sì kúnlẹ̀ kí àwọn méjèèjì kó tó bọ́ kóòtù. Ó bèèrè ibi tí omi gbígbóná wà, ó yí àga náà, ó sì ti Adégbọlá lọ sí ilé ìwẹ̀ bí ẹni tó ti ń ti í láti ọdún tó kọjá.

Mọ́wùnmí dúró ní kíṣìnnì. Kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́ tí omi ń dà, ó gbọ́ tí Christiana ń kọ orin ìjọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó lọ sọ fún un pé aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń nu ẹsẹ̀. Ó padà. Ó tún lọ sọ fún un pé kó má fi omi kan etí òsì. Ìgbà kẹta tó dé ibẹ̀, Christiana ti nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì di ilẹ̀kùn náà mú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sùn. Daddy wà lọ́wọ́ mi."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mọ́wùnmí dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn láìbọ́ bàtà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Oorun kò tètè dé, ṣùgbọ́n kò dìde mọ́.